Ṣáásì Nìkan Ló Máa Ń Ti Òkèèrè Wá

Igi kòkó mẹ́ta ló wà lórí agbégilódò mi. Mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní sẹ̀ǹtímítà 21 àti ààbọ̀. Kì í ṣe pé ó kàn wù mí bẹ́ẹ̀ o, ìṣirò ló sọ ọ́. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù gidi, tí a bá gbé e nàró, fi díẹ̀ ga ju mítà kan lọ. Táyà LEGO tí mo fi sábẹ́ tèmi ga ní mílímítà 62. Ti gidi fi bí ìlọ́po mẹ́tàdínlógún ju tèmi lọ. Gẹdú tí wọ́n ń gbé jáde láti inú igbó lọ sí ilé ìlagi, ẹsẹ̀ bàtà 12 ni wọ́n sábà máa ń gé e sí. Ẹni tó bá pín ẹsẹ̀ bàtà 12 sí ọ̀nà 17 yóò bá mi níbi tí mo gé igi kòkó mi dé.

Gbogbo àlejò tó bá wọ pálọ̀ mi ní Odòde, Ìdànrè, ló máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ kan náà: "Bàbá, ọmọ-ọmọ yín ti tó ẹni tó ń fi èyí ṣeré?" Ojú wọn á sì máa wá ọmọdé kiri inú ilé. Ìyàwó mi ló máa ń dá wọn lóhùn láti ilé ìdáná: "Ọmọ náà ló jókòó síwájú yín yẹn." Ẹni ọgọ́ta ọdún ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo ní oko kòkó díẹ̀, mo sì ń to mọ́tò oníke tí wọ́n ń pè ní LEGO.

Àwọn tó mọ̀ mí dáadáa kì í bèèrè ti ọmọ-ọmọ. Wọ́n á ní kí n sọ èyí tó dára jù nínú àwọn mọ́tò LEGO Technic, kí wọ́n lè sọ fún ará wọn tó wà lókè òkun pé kó rà á bọ̀. Ìdáhùn mi kì í tẹ́ wọn lọ́rùn, torí ìbéèrè ni mo fi ń dá wọn lóhùn: èwo ló ṣẹ́ iṣẹ́ kù fún ọwọ́ rẹ? N kò rí ìbéèrè yẹn kà lára páálí kankan. Ìlú yìí ni mo ti kọ́ ọ.

Ìlú tí kẹ̀kẹ́ kò lè gùn ni àwọn baba ńlá wa gbé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ùfẹ̀kè ni wọ́n ń pè é, orí òkè ló wà, àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tó lé ní ẹgbẹ̀ta, mọ bí orúnkún ṣe ń ráhùn. Ààfin Ọwá wà lókè, ilé ẹjọ́ wà lókè, ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wà lókè. Lónìí, àwọn ènìyàn ń gùn ún fún fàájì, àjọ UNESCO sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n lè gbé yẹ̀ wò fún ogún àgbáyé láti ọdún 2007. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò òpó tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára. Èmi, páànù ni mo máa ń wò. Gbogbo páànù orí àwọn ilé yẹn, gbogbo ìṣó, gbogbo àga ìkàwé, orí ènìyàn ló gbé e dókè. Ohun tó bá rọ́bọ́tọ́ tó sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni níbẹ̀, ó ti di ti àfonífojì.

Ní àwọn ọdún 1920 ni ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ìdí rẹ̀ pọ̀. Oko wà nísàlẹ̀, kòkó ń so nísàlẹ̀, ọ̀nà wà nísàlẹ̀. Rélùwéè ti dé Ìbàdàn láti 1901, wọ́n ti la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ ní 1906, gbogbo ayé sì ń sáré tọ kẹ̀kẹ́ lọ. Ibòmíràn, mọ́tò ló wá bá ìlú nílé. Ìdànrè ló dìde láti orí òkè, tó di ẹrù, tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mọ́tò ní Odòde àti Aládé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn ìyá àgbà kan ṣì wà tí wọ́n lè sọ ohun tí wọ́n gbé sórí lọ́jọ́ tí wọ́n kó kúrò lókè. Ọlọ ni ìyá bàbá mi gbé. Ó ní òun kò lè fi ọlọ òun sílẹ̀ fún ọ̀bọ.

Mọ́tò tí a sọ̀ kalẹ̀ wá bá náà, kò dé tán.

Bedford, tí ilé iṣẹ́ Vauxhall bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Luton ní 1931, àti Austin àti Morris tó wà láyé ìgbà náà, kì í dé ní odidi bí àwọn tókunbọ̀ ṣe ń dé lónìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣáásì ni wọ́n ń kó wá: irin gígùn méjì, ẹ́ńjìnnì, jíà, ṣáàfù, táyà, sitíárìn, àti bónẹ́ẹ̀tì níwájú. Ó tán. Àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa ló ń fi pákó ṣe ìyókù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ní Àkúrẹ́, nǹkan bí ogún kìlómítà sí ọ̀dọ̀ wa, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ pé láyé ọjọ́un, orí àpótí ni dírẹ́bà máa ń jókòó sí tó bá ń wa ṣáásì bọ̀ láti Èkó, láìsí ilẹ̀kùn, láìsí òrùlé, tí á fi aṣọ wé orí bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà.

Mo dé ọgbà iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje. Ìrókò ló fi ń ṣe àwọn igi ńlá tó dùbúlẹ̀ lórí irin, afárá ló fi ń ṣe pákó ẹ̀gbẹ́. Kò jẹ́ fi ìṣó kan igi mọ́ ṣáásì. Bóòtù tí wọ́n tẹ̀ bí ìwọ̀ ló máa ń fi gbá igi àti irin pọ̀, á sì dẹ ẹ́ díẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fún un pinpin. Ó ní igi tí kò bá rí àyè mì lójú ọ̀nà, yóò là. Tí iṣẹ́ bá tán, yóò mú èyí tó ṣẹ́kù lára ìrókò, yóò gé e ní onígun mẹ́ta, yóò fi okùn so ó rọ̀ sí ìdí mọ́tò. Wẹ́ẹ̀jì nìyẹn. Mọ́tò bọ́ì ló ni ín. Bí lọ́rì bá ń gun òkè tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń kérora, ọmọ yẹn á ti fò sílẹ̀, á máa sáré tẹ̀lé e pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́, kí ó lè tì í sẹ́yìn táyà bí mọ́tò bá fẹ́ padà sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kì í gba owó wẹ́ẹ̀jì. Ó ní ẹni tó bá gba owó rẹ̀ ti gba owó ẹ̀mí.

Èyí tó bá kó èrò, tí wọ́n jókòó tí wọ́n kọjú sí ara wọn lórí bẹ́ǹṣì, la ń pè ní bọ́lẹ́kájà. Èyí tó bá kó kòkó kò ní orúkọ ìdárayá, owó ló ń kó. Àpò kòkó mẹ́rìndínlógún ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ àwọn oníkòkó wa, nítorí náà Bedford tọ́ọ̀nù márùn-ún yẹ kó gbé ọgọ́rin àpò. Mo ní yẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mọ iye tí wọ́n máa ń dì gan-an, ó sì ń fi kún igi rẹ̀ dípò kó bá wọn jà.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, a bọ́ sí apá ọ̀tún. Ìwé ìròyìn sọ̀rọ̀ sitíárìn, àmì ojú ọ̀nà, àti owó tí ìjọba ná. Ní ọgbà iṣẹ́ Àkúrẹ́, ìtẹ̀sẹ̀ ni wàhálà. Ibi tí kọ́ńdọ́ ti máa ń dúró, tí èrò ti ń tẹ ẹsẹ̀ gòkè, apá òsì ló wà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, apá òsì ti di àárín títì. Ìtẹ̀sẹ̀ ni bàbá yẹn tú, ìtẹ̀sẹ̀ ni ó kàn, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé Luton kankan.

Àṣà yẹn kò tíì kú. Ní 2014, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, mú Volkswagen Ìjàpá, ó gbé pánẹ́ẹ̀lì oòrùn lé e lórí, ó fi ẹ̀rọ atẹ́gùn síwájú rẹ̀, ó sì ń wà á kiri. Àwọn ènìyàn kígbe pé ìyanu ni. Èmi wo ó, mo rí káfíńtà Àkúrẹ́.

Láyé ọjọ́un, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó kòkó wa lọ máa ń dé Liverpool, níbi tí ilé iṣẹ́ oníṣòwò John Holt fìdí kalẹ̀ sí. Ní Liverpool yẹn kan náà ni Frank Hornby ti gba ìwé àṣẹ ní 1901 fún irin pẹlẹbẹ oníhò tí ọmọdé lè fi bóòtù so pọ̀ di kírénì tàbí mọ́tò. Meccano ni wọ́n wá sọ ọ́. Títí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Binns Road fi tì ní 1979, ẹyọ kan ṣoṣo kò dé agboolé wa. Agolo ló dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí, torí àwọn ọmọ mi rò pé mò ń ṣe àsọdùn. Agolo sàdíìnì ni ọba nínú gbogbo wọn. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan wà lára rẹ̀ nígbà náà tí a fi ń ká ìdérí rẹ̀ bí ẹní. Ìdérí tí a ká yẹn ni bónẹ́ẹ̀tì. Agolo mílíìkì méjì tí a bá tò tẹ̀ léra di táńkà epo. Tí a bá fẹ́ lọ́rì tó gùn, a ó lọ sí etí odò lọ gé imọ̀ ọ̀gọ̀rọ̀, a ó bó èèpo rẹ̀, inú rẹ̀ fúyẹ́ bí fóòmù, ọ̀bẹ sì ń gé e bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọwọ̀ ìgbálẹ̀ ni a fi ń so ó pọ̀. A ó gé ọwọ̀ ní ìka kan, a ó gún un wọ inú ọ̀gọ̀rọ̀, a ó gún èkejì sí òdìkejì rẹ̀. Ohun tí a bá so bẹ́ẹ̀ ṣeé tú, ó ṣeé tún tò. Ìyá mi kò mọ ìdí tí ìgbálẹ̀ rẹ̀ fi ń tín-ín-rín lọ lóṣooṣù.

Táyà ni ọ̀rọ̀. Ìdérí ìgò mínírà tí a fi òkúta lù pẹlẹbẹ ń yí, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ lórí àpáta. Rọ́bà sílípáàsì ni kò ní alábàádíje. A ó fi ẹnu agolo mílíìkì tẹ̀ ẹ́ kí ó fi àmì òbìrìkìtì sílẹ̀, a ó fi abẹ gé e yíká, a ó wá fi ìṣó tí a kì bọ iná lu àárín rẹ̀. Bí sílípáàsì ẹnikẹ́ni bá sọnù ládùúgbò, ilé wa ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ bèèrè. Mo jẹ pàṣán nítorí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sílípáàsì aláwọ̀ ewé, n kò sì kábàámọ̀, torí táyà mẹ́rin ni mo rí gé nínú rẹ̀.

Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni àkísù wa. Níbẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa ọmọ. Àwọn kan ń so táyà méjèèjì mọ́ sípóòkù pinpin, wọ́n á sì ki sípóòkù bọ inú ike báírò tó ti gbẹ kí ó máa yí nínú rẹ̀. Ó ń sáré bí ẹ̀mí òkùnkùn níbi tó bá gún régé. Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ yà, kò ní yà. Á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Àwọn mìíràn fi táyà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ó máa yí lọ́tọ̀ lórí sípóòkù. Tiwọn ń yà dáadáa, àmọ́ kì í lọ gbọnrangandan. A jà sí i fún ọdún méjì. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ní kọ́nà, táyà tó wà lẹ́yìn òde ń rin ọ̀nà tó jìn ju ti èyí tó wà nínú lọ, àti pé nítorí ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe fi difarẹ́ńṣà sábẹ́ Bedford tó ń kọjá níwájú ilé wa. A ti rí àìsàn náà. Oògùn rẹ̀ ni a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Sipírìn ńkọ́? Ara agolo ni a ń gé ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mẹ́ta, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, a ó tò wọ́n léra bí a ṣe rí i lábẹ́ lọ́rì. Iná iwájú jẹ́ gílóòbù tọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú bátìrì Berec tó ti kú, tí a sá sóòrùn fún ọ̀sán kan kí ó lè tún jí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Sitíárìn jẹ́ igi gígùn tó dé àyà wa, pẹ̀lú rìmù wáyà lórí rẹ̀, okùn méjì sì sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ dé àkísù iwájú. Ẹnu ni ẹ́ńjìnnì. A mọ ohùn Bedford yàtọ̀ sí ti Mercedes 911, ọmọ tó bá fi ohùn 911 sínú Bedford, a ó dá a dúró bíi ọlọ́pàá.

Lẹ́yìn ilé wa, àpáta kan wà tí àwọn ìyá máa ń sá kòkó sí, ó sì dà gẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń dán mọ́tò wò. Èyí tó bá dé ìsàlẹ̀ láì tú ká, a gbà á. Kò sí ẹni tó béèrè pé ṣé ó lẹ́wà. Mo ti gbọ́ pé ní Màláwì, wáyà ni àwọn ọmọ fi ń ṣe tiwọn, galimoto ni wọ́n sì ń pè é. Ó wù mí kí n mọ ohun tí wọ́n fi ń dán tiwọn wò, torí kì í ṣe gbogbo ibi ni Ọlọ́run fún ní àpáta.

N kò fẹ́ pẹ́ lórí àwọn ọdún tí mo fi kọ́ni. Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 mú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ń pè ní Íńtúrótẹ́ẹ̀kì wá, ìjọba sì ra ẹ̀rọ olówó ńlá fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, inú àpótí tí wọ́n fi kó wọn dé ni wọ́n wà títí ikán fi jẹ àpótí tán tí ó ku irin. Mo sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi kí wọ́n kó agolo wá.

Lẹ́yìn náà ni páálí kan ti Peckham ní Lọ́ńdọ̀n dé. Kérésìmesì ọdún 2011 ni, àbúrò mi ọkùnrin wá sílé, ó sì gbé páálí ńlá kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i, mo rántí ìgbálẹ̀ Màmá." LEGO Technic ni, Unimog U 400, ẹyọ 2,048. Mo fi òru mẹ́sàn-án tò ó, jẹnẹrétọ̀ ń dún, ìyàwó mi ń bèèrè iye epo tí mò ń jó. Ní òru kẹrin, mo dé ibi àkísù, mo sì dìde dúró. Àkísù Unimog kì í gba àárín táyà. Ó ga ju àárín táyà lọ, jíà kéékèèké ló ń gbé agbára sọ̀ kalẹ̀ sí táyà, kí ikùn mọ́tò lè jìnnà sí ẹrẹ̀ àti òkúta. Mo rò ó pé bí wọ́n bá fi irú èyí sábẹ́ àwọn lọ́rì tó ń kó kòkó jáde nínú oko wa lójò, mélòó ni ì bá sùn sínú ẹrẹ̀?

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìdílé LEGO. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ní ìlú Billund ní Dẹ́ńmáàkì, Ole Kirk Christiansen, káfíńtà ni! Ní 1932 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ṣe ohun ìṣeré. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní 1958 ni wọ́n tọrọ ìwé àṣẹ fún bíríkì oníke tí gbogbo ayé mọ̀. Èyí tó kàn mí bẹ̀rẹ̀ ní 1977, nígbà tí wọ́n mú jíà, àkísù àti igi oníhò wọ inú bíríkì. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni wọ́n tó pè é ní Technic. Ẹ wò ó, nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1977, nọ́ńbà 853 jẹ́ mọ́tò tí kò ní bọ́dì. Ẹ́ńjìnnì tí píṣítìnì rẹ̀ ń lọ sókè sódò, jíà, sitíárìn, àga méjì. Ṣáásì ni! Ní 1980 wọ́n ṣe àbúrò rẹ̀, 8860, wọ́n sì fi difarẹ́ńṣà sí i. Àbúrò mi rí àlòkù rẹ̀ rà fún mi ní Lọ́ńdọ̀n. Mo gbé e sórí tábìlì, mo di táyà ẹ̀yìn kan mú, mo yí èkejì, mo rí i bí jíà inú rẹ̀ ṣe ń yí láàárín wọn, ìjà ọdún méjì tí a jà lórí sípóòkù sì parí níwájú mi lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún. Mo pe ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ jà lórí fóònù. Ó ní, "Mo sọ fún ọ nígbà náà." Kò sọ nǹkan kan fún mi nígbà náà.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí, 8860 ni olórí ìdílé. 8880 ti ọdún 1994 tẹ̀ lé e: ẹyọ 1,343, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wa ọkọ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yà, jíà mẹ́rin, ara rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí o fi lè rí ìfun rẹ̀. Nínú àwọn tuntun, Mercedes-Benz Arocs ti 2015 ni mo máa ń yàn. Ẹyọ 2,793, àkísù iwájú méjì tí wọ́n jọ ń yà, kírénì tí afẹ́fẹ́ ń gbé sókè bí àwọn ọmọ òde òní ṣe ń fi síríǹjì àti omi gbé kátapílà páálí tiwọn. Tí o bá ṣí àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ohun tó kù jẹ́ irin gígùn méjì tó ń dúró de káfíńtà.

Bugatti Chiron ti 2018 kò sí nínú ọ̀rọ̀ mi. Ẹyọ 3,599, jíà mẹ́jọ, ẹ́ńjìnnì onípíṣítìnì mẹ́rìndínlógún. Iṣẹ́ àwọn tó gbọ́n ni, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá tò ó tán ni wọ́n á fi pánẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ búlúù bo gbogbo rẹ̀, ohun tí o fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe á sì wọ inú bí òkú tí wọ́n di ní aṣọ olówó iyebíye. Kí ni ọwọ́ rẹ á tún ṣe sí i? O ó nu eruku rẹ̀. Liebherr R 9800 ti 2019 tóbi jù ú lọ, ẹyọ 4,108, mọ́tò iná méje, fóònù ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Bí fóònù bá kú, kátapílà kú. Lágbègbè tí iná mànàmáná ti ń wá bí àlejò, n kò lè gba irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Sítíkà náà tún wà. Mo máa ń dá gbogbo sítíkà padà sínú páálí. Orúkọ ara mọ́tò, ọwọ́ ló ń kọ ọ́. Àwọn tó ni lọ́rì máa ń bá ayàwòrán jà fún ọjọ́ méjì lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Àbúrò mi sọ pé mo le jù, pé ẹwà náà jẹ́ iṣẹ́. Ó lè jẹ́ òótọ́. Lọ́ńdọ̀n ló ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó nǹkan sínú gíláàsì.

Agbégilódò mi, inú Arocs ló ti jáde. Mo tú u palẹ̀ ní 2019, mo na ṣáásì rẹ̀ gùn sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá agbára. Ìhò Technic jìnnà sí ara wọn ní mílímítà mẹ́jọ, jíà eléyín 8 àti eléyín 24 sì máa ń pàdé gérégé ní ìhò méjì, eléyín 8 àti eléyín 40 ní ìhò mẹ́ta. Èkíní dín eré kù ní ìlọ́po mẹ́ta, èkejì ní ìlọ́po márùn-ún. Mo so méjèèjì tẹ̀ léra, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: mọ́tò iná yí nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ó ń rìn bí ìgbín, ṣùgbọ́n ó ń gbé igi kòkó mẹ́ta gun pákó tí mo fi ìwé mẹ́fà gbé orí rẹ̀ sókè. Mo ti fi ìwé keje sí i. Táyà ló ń yọ̀, jíà kò kọ̀.

Ní ọdún tó kọjá, eléyín 24 kan sọnù. Ó bọ́ sílẹ̀ ní àṣálẹ́, ilé ti di gbígbá kí n tó jí, ìyàwó mi sì sọ pé òun kò rí nǹkan kan, ìdọ̀tí lásán ni òun gbá. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀ láti ibí dé Àkúrẹ́ tí ń ta jíà LEGO ní ẹyọ kan. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Sílípáàsì tó wà níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já tẹ́lẹ̀. Mo fi jíà mìíràn tẹ̀ ẹ́, mo fi abẹ gé eyín mẹ́rìnlélógún, ó gbà mí ní wákàtí mẹ́ta, mo gún ìhò rẹ̀ pẹ̀lú ìṣó gbígbóná. Rọ́bà náà rọ̀ díẹ̀, ó ń fo eyín bí ẹrù bá wúwo jù, ṣùgbọ́n kò pariwo. Nígbà tí àbúrò mi fi jíà tuntun ránṣẹ́, mo fi í sínú ife. Ti sílípáàsì ṣì wà nínú mọ́tò.

Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan wà ládùúgbò tí wọ́n máa ń dúró lójú fèrèsé. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá wọ́n lè rí i kó ṣiṣẹ́ lórí àpáta gidi, kì í ṣe lórí pákó àti ìwé. Àpáta ẹ̀yìn ilé wa ṣì wà, wọ́n ṣì ń sá kòkó sí i. A gbé e lọ ní ọjọ́ Sátidé kan. Agbégilódò bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, igi kòkó mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ ń fi ẹnu ṣe ẹ́ńjìnnì fún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Ó dé ìdajì, jíà sílípáàsì fo eyín, mọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn.

Mo ti fẹ́ na ọwọ́ mú un. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti sáré kọjá mi, ó bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó tì í sẹ́yìn táyà, ó sì dì í mú síbẹ̀, ó wá yíjú sí mi.

"Bàbá," ó ní, "tiyín kò ní mọ́tò bọ́ì."